Àmì dúdú abẹ́ ẹsẹ̀ mi ń fẹ̀ sí i, oorun sì ti dá lójú mi

Ìbéèrè: Ẹ̀yin màmá àti bàbá mi, mo kí yín o. Ìtòkú ni mo ti ń ṣe àdìrẹ, Ọbańtokò ni mo ń gbé. Àmì dúdú kan wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì, nítòsí gìgísẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé aró ló ta sí mi. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkànrìn fọ̀ ọ́, mo fi òkúta ìhọsẹ̀ họ ọ́, mo tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Aró tó wà lára ẹsẹ̀ yòókù kúrò, òun ò kúrò. Láti Iléyá tó kọjá ló ti ń fẹ̀. Etí rẹ̀ lápá kan rí ṣákaṣàka, ìdajì rẹ̀ sì dúdú ju ìdajì kejì lọ. Kò dùn mí. Bí ọkọ mi bá ti sùn lóru, màá gbé dígí sílẹ̀, màá tan iná fóònù, màá máa wò ó bóyá ó tún ti fẹ̀. Mo wá lọ ka ìtàn Bob Marley, olórin tí jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pa, lórí fóònù, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè sùn mọ́. Ọkọ mi ní mo fẹ́ sọ ara mi di aláìsàn. Ìyá mi ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé àmì yìí ni àìsàn, àbí ẹ̀rù tó ń bà mí?

* * *

Àbúrò mi, méjèèjì ni kó o tọ́jú. Àmì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ ò gún, tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, dókítà gbọ́dọ̀ rí i, kó sì rí i láìpẹ́. Oorun tó dá lójú ẹ náà, ìpọ́njú ni, ó ní ìtọ́jú tiẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè ní àrùn lóòótọ́. Ẹni tí kò sì ní àrùn kankan lè máa ṣọ́ ara rẹ̀ lóru títí á fi rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí ọkọ ẹ bá ní ẹ̀rù lásán ni, kò tíì mọ̀. Ìwọ tó o ń rò pé ó ti parí náà ò tíì mọ̀.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi tí wọ́n ti ń wẹ egbò ni mo sì ti pẹ́ jù. Mi ò lè jókòó sílé mi ní Àṣẹ́rò kí n sọ fún ẹ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè sọ ọ́ látinú ohun tó o kọ yìí, má dá a lóhùn, ì báà jẹ́ ẹni tó ní kó o fọkàn balẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ẹni tó ń dáyà já ẹ.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ní àmì ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ láìsí pé nǹkan kan ń ṣe wá. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sábẹ́ awọ nítorí bàtà tó ń ha gìgísẹ̀, ó máa ń dúdú bí èédú. Kókó líle tó máa ń hù lábẹ́ ẹsẹ̀ náà máa ń ní ẹ̀rún dúdú wẹ́wẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n aró kọ́ lèyí. Awọ ara ń bọ́, òmíràn ń rọ́pò rẹ̀, aró kì í lè pẹ́ lára kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí èèyàn ò bá tún ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Jọ̀ọ́, má họ ọ́ mọ́. Bó o bá họ ọ́ di egbò kó o tó débẹ̀, ohun tí dókítà fẹ́ wò gan-an lo ti bà jẹ́ yẹn.

* * *

Mo ti ka èsì tí àwọn ará wa kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Èyí tí wọ́n tún sọ jù ni pé àìsàn òyìnbó ni, pé oòrùn ló ń fà á, pé dúdú tá a dú ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́, apá yẹn ló sì ń ṣe wá ní jàǹbá. Melanoma ni jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tó ń fún awọ ní àwọ̀ dúdú. Kì í ṣe àwa tó bó ṣe ń ṣe àwọn aláwọ̀ funfun, àní kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bó bá máa ṣe wá, ibi tí oòrùn kì í dé ló sábà máa ń mú: àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, abẹ́ èékánná. Irú èyí kì í wo àwọ̀ ara, oòrùn kọ́ ló sì ń fà á. Torí a ti gbà pé kì í ṣe tiwa, a kì í gbé ẹsẹ̀ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn náà kì í tètè rò ó. Ìgbà tí yóò fi hàn kedere, ó ti wọlé.

Ẹni tó kọ̀wé pé bọ́ọ̀lù ló pa Bob Marley, rárá o. Lọ́dún 1977 ni wọ́n rí àmì náà lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibi tó ti fara pa nínú bọ́ọ̀lù ni, àyẹ̀wò ló fi hàn pé melanoma ni. Wọ́n ní kó jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ ìka náà, kò gbà. Èékánná àti awọ abẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ, wọ́n sì fi awọ láti ibòmíràn lára rẹ̀ bo ojú ibẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ẹni ọdún 36. Àbúrò mi, òótọ́ ni ìtàn tó o kà. Ohun tó yẹ kó o mú nínú rẹ̀ ni pé kéèyàn tètè lọ. Bó o bá ń kà á lóru òní, tó o tún kà á lóru ọ̀la, kò ní sọ nǹkan tuntun fún ẹ.

* * *

Ọ̀rọ̀ abẹ àti òwú. Mo rí ẹni mẹ́ta tó dábàá pé kí wọ́n fi abẹ gé àmì náà tàbí kí wọ́n fi òwú so ó títí á fi já, ọ̀kan ní kí wọ́n fi irun ẹṣin so ó, ọ̀kan ní kí wọ́n kán omi bátìrì sí i. Ẹ̀yin ará mi, ẹ dákun, ẹ dákun. Bí àmì náà ò bá ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di egbò tó lè kẹ̀, tàbí kó di tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ, orí rẹ̀ lẹ gé kúrò, gbòǹgbò wà nísàlẹ̀, awọ á sì padé lórí rẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Ohun tẹ́ ẹ gé jù sí ààtàn yẹn gan-an ni láàbù nílò.

Àwọn tó ní ayé ló ń ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Mo ń gbàdúrà, mo sì ti gbàdúrà lórí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tí mò ń wẹ egbò wọn. Pásítọ̀ tó bá gbàdúrà fún un tó sì ní kó lọ sí ọsibítù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ní kó máa fi òróró pa á títí di ìgbà tí wọ́n máa fi parí ààwẹ̀, àkókò ọmọ ọlọ́mọ ló ń jẹ.

* * *

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ, torí ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dá àwọn èèyàn dúró sílé jù ní Abẹ́òkúta níbí. "Bí ọ̀bẹ bá kàn án, ó máa tàn." Kì í ṣe pé màmá fẹ́ ibi fún ẹ. Ohun tí ojú wọn ti rí ni wọ́n ń sọ.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bàbá kan wà, awakọ̀ tó ń ná Láfẹ́nwá sí Ìlaròó. Egbò kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó ní ìṣó ló gún òun. Wọ́n ń tú oògùn kápúsù dà sí i ní kẹ́mísìtì, ó ń gbẹ lókè, ó tún ń ṣí. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, mo tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, mo fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́. Egbò náà pọ́n láàárín, kò ní ọyún, kò rùn. Ṣùgbọ́n dúdú kan yí etí rẹ̀ ká, ó ti rìn jáde kúrò lára egbò wọ inú awọ tó dáa, bí ìgbà tí tàdáwà bá ta sórí bébà tó tutù. Mo wò ó, mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo lọ pe dókítà. Kókó ti wú níbi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, bàbá náà ò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀bẹ ló pa á. Ó wọlé ó ń rìn, wọ́n gé e, ó kú: ta ló máa bá wọn jiyàn lọ́jọ́ òkú? Àrùn tó ti rìn dé itan kí ọ̀bẹ tó kàn án, wọn ò rí i.

Gígé àmì kúrò láti yẹ̀ ẹ́ wò kì í mú kí jẹjẹrẹ tàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn tá a fi lè mọ ohun tó jẹ́, bó bá sì ṣì wà lókè, gígé yẹn náà ni ìwòsàn. Sọ fún màmá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ṣeé ṣe, mú wọn dání lọ́jọ́ tó o bá ń lọ, kí dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ní ojú ibẹ̀ á wú, pé awọ wa kì í gba ọ̀bẹ: òótọ́ ni fún àyà, èjìká àti etí, ìyàtọ̀ wà fún abẹ́ ẹsẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí àpá wú sókè ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́.

* * *

Wàá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ irú àmì bẹ́ẹ̀ wò. Ìdí-Abà ni mo máa kọ́kọ́ lọ bó bá jẹ́ èmi, Federal Medical Centre, ibi tí wọ́n ti ń rí àwọn aláìsàn tó ń wá láti ilé. Ọsibítù ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè náà dáa, Sacred Heart ní Lántòrò náà wà, ọsibítù tó ti wà láti ọdún 1895. Dókítà tó bá kọ́kọ́ rí ẹ lè má jẹ́ dókítà awọ ara. Ohun tó o máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó kọ ìwé fún ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara tàbí oníṣẹ́ abẹ, bó bá jẹ́ Ṣágámù tàbí UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n kọ ọ́ sí náà, lọ. Lọ ní kùtùkùtù, torí èrò. Fọ ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì dáadáa, má kun ohunkóhun, má lé làálì. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, má bẹ̀rẹ̀ láti orí Bob Marley. Sọ pé: "Àmì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ti ń fẹ̀ láti Iléyá, etí rẹ̀ ò gún, àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba." Ọ̀rọ̀ tó máa mú kó dìde láti wo ẹsẹ̀ nìyẹn.

Bó bá ní kó o lọ máa wò ó láìjẹ́ pé ó tẹ̀ ba ẹsẹ̀ ẹ wò, bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ wò ó. Ìwà àrífín kọ́ nìyẹn.

Dókítà awọ ara ní awò kékeré kan tó ní iná lára. Bó o bá wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ dáadáa, wàá rí i pé ìlà wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, ebè àti poro, bíi ti oko iṣu. Ibi tí dúdú yẹn jókòó sí ni wọ́n ń wò. Bó bá jẹ́ inú poro ló tò sí, ọkàn wọn máa ń balẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ebè ló gùn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gé e lọ sí láàbù. Ohun tí awò yẹn ń fi hàn, fọ́tò fóònù tó o ń yà lóru kò lè fi hàn án. Àwọn áàpù orí fóònù tó ń ní àwọn lè fi fọ́tò mọ jẹjẹrẹ, awọ funfun ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Yọ wọ́n kúrò.

Bí wọ́n bá ní àwọn máa gé e, abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú máa dùn ẹ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ, abẹ́ ẹsẹ̀ kì í gba abẹ́rẹ́ ní ìrọ̀rùn. Lẹ́yìn rẹ̀, o ò ní mọ ọ̀bẹ lára. Wọ́n á rán ojú ibẹ̀, òwú tí wọ́n fi rán an sì máa ń pẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. O ò gbọ́dọ̀ wọ inú aró àti sódà ní gbogbo àkókò yẹn. Jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ẹ dúró nídìí ìkòkò. Kó o tó kúrò níbẹ̀, bèèrè pé ṣé wọ́n ti fi ohun tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí láàbù, ọjọ́ wo ni èsì máa dé, ta lo máa bá gbà á. Mo ti rí i tí wọ́n gé nǹkan, tí aláìsàn gbé e dání lọ sílé nínú ìgò torí kò rí owó láàbù san. Má jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Wá owó láàbù kó o tó gbà kí wọ́n gé e.

* * *

Ó kù sọ́dọ̀ òru.

Ìtura tó o ń rí bó o bá wo àmì náà, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó? Ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ọkàn á ní bóyá o ò wò ó dáadáa, dígí ò mọ́, iná ò tó. Wàá tún dìde. Bí ẹ̀rù yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó ń tọrọ kó o wò, bó o bá wò, ó tún pọ̀ sí i. Bó o bá bi ọkọ ẹ pé "ṣé kò tíì fẹ̀?", tó ní rárá, bákan náà ni. Ọkùnrin náà ti rẹ̀ ẹ́, ìdí tó fi ń sọ̀rọ̀ burúkú nìyẹn.

Mo mọ̀ ọ́n láti inú ara mi. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá awakọ̀ yẹn, ó pẹ́ tí mo fi ń gbé ẹsẹ̀ mi wò kí n tó wọ̀ bàtà àti lẹ́yìn tí mo bá bọ́ ọ. Mo mọ gbogbo ohun tí mo ń sọ fún ẹ yìí nígbà náà. Ìmọ̀ nìkan kò dá a dúró. Ohun tó dá a dúró ni pé mo ní kí ọ̀gá mi nọ́ọ̀sì bá mi wò ó, ó wò ó, mo sì bá ara mi ṣe àdéhùn pé mi ò ní wò ó mọ́ títí oṣù á fi yí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le gan-an. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀.

Ìwọ náà, ya fọ́tò kan ní ojúmọmọ, gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà, kọ déètì sí i. Fọ́tò kan yẹn ti tó, òun lo máa fi han dókítà. Gbé dígí yẹn jáde kúrò nínú yàrá. Fóònù náà, kó sùn sí pálọ̀. Bí ẹ̀rù bá dé láàárín òru, dìde jókòó, mu omi, sọ fún ara ẹ pé "mo ti ní ọjọ́ tí mo máa lọ". Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ náà lóòótọ́. Ẹni tí kò tíì dá ọjọ́ tó máa lọ, tó wá ń fi agbára mú ara rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, ọkàn ò ní gbọ́ sí i lẹ́nu, kò sì yẹ kó gbọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: bí dókítà ò bá tíì rí i, ẹ̀rù yẹn ní ìdí.

Má ra oògùn oorun ní kẹ́mísìtì. Ọ̀pọ̀ wọn ni ara máa ń mọ́, ìgbà tó o bá fẹ́ fi í sílẹ̀, oorun á tún ṣòro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

* * *

Kí n yára dá àwọn tó bèèrè nǹkan mìíràn lóhùn.

Màmá tó ní kókó dúdú wẹ́wẹ́ ń pọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ òun bí òun ṣe ń dàgbà: bó bá jẹ́ irú èyí tó wà lójú ìyá yín àti ẹ̀gbọ́n yín ni, àbínibí ìdílé ni, kì í di jẹjẹrẹ. Ẹ má kun ìpara ìbóra sí i.

Ẹni tó ní ìlà dúdú lórí èékánná: bó bá wà lórí èékánná púpọ̀, tó ti wà tipẹ́, ó wọ́pọ̀ láàárín àwa dúdú. Èyí tó yẹ kí ẹ sáré lé lórí ni ìlà kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lágbà, tó ń fẹ̀, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ń jáde sórí awọ tó yí èékánná ká. Bó bá jẹ́ pé nǹkan ló já lu ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì á máa bá èékánná lọ síwájú bó ṣe ń hù, dúdú ò ní kan ìdí èékánná mọ́. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ máa ń gbà tó ọdún kan àti ààbọ̀ kó tó hù tán, ẹ ní sùúrù fún un.

Bàbá tó ní ọmọ àfín: ti ọmọ yín yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mò ń sọ. Oòrùn gan-an ni ọ̀tá tiẹ̀. Fìlà gbígbòòrò, aṣọ apá gígùn, ìpara tó ń dènà oòrùn, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó síbi tí oòrùn ò ti gba fèrèsé wọlé ní kíláàsì. Egbò tàbí èépá ojú, etí tàbí ọrùn rẹ̀ tó bá kọjá oṣù kan tí kò jiná, ẹ má fi agbo tọ́jú rẹ̀, ẹ gbé e lọ.

* * *

Àbúrò mi padà wá o, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ó lọ, wọ́n kọ ìwé fún un, wọ́n gé e, èsì láàbù ti dé. Àmì lásán ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Màmá rẹ̀ bá a lọ, wọ́n sì dúró tì í níbi tí wọ́n ti ń rán an.

Ṣùgbọ́n ohun tó tún kọ ni mo fẹ́ kí gbogbo wa kà dáadáa. Ó ní inú òun dùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó wá di pé bóyá láàbù ṣi èsì ẹlòmíràn fún òun. Lẹ́yìn náà ó rí ìlà kan lórí èékánná àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ tó ní ó ti wà láti ilé ìwé. Báyìí, orí ń fọ́ ọ, ó ti ń ka ìwé nípa jẹjẹrẹ inú ọpọlọ.

Nígbà tí àmì wà níbẹ̀, a lè sọ pé àmì ló fà á. Àmì ti lọ, ẹ̀rù ṣì wà, ó kàn ń wá ibi tó máa bà lé. Àyẹ̀wò mìíràn ò ní wò ó sàn. Bó bá ya fọ́tò inú orí, tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ìtura ọjọ́ mélòó kan ni, á tún kó lọ sí ibòmíràn, owó á sì ti lọ. Ibi tí àwọn oníwòsàn ọkàn wà ló kù, wọ́n sì wà ní ìlú wa níbí. Àrò ni mò ń wí.

* * *

Mo mọ̀ pé wọ́n á kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ Àrò yìí, wọ́n sì ti kọ ọ́. Ẹnì kan ní mo fẹ́ ba orúkọ ìyàwó ilé jẹ́. Òmíràn ní bí ẹbí ọkọ bá gbọ́ pé ó ti dé Àrò, ó parí.

Mo gbọ́ yín, mi ò sì gbà. Ẹ̀yin tí ẹ bí sí Abẹ́òkúta, ẹ mọ ohun tí dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú yìí, ṣe ní Àrò láti ọdún 1954. Kò ti àwọn èèyàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Àwọn dókítà láti òkè òkun ń wá wo ohun tí à ń ṣe nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìlú mìíràn ì bá fi irú rẹ̀ ṣe ìgbéraga, àwa ń fi í bú ọmọ wa.

Èèyàn lè lọ sí Àrò láàárọ̀, kó bá dókítà sọ̀rọ̀, kó sì dé ìdí ìkòkò aró rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Akọ̀wé báńkì ń lọ, tíṣà ń lọ. Ìtọ́jú tó wà fún irú ẹ̀rù yìí kì í ṣe nǹkan ìbẹ̀rù. Onímọ̀ kan á jókòó tì ẹ́, á máa bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á kọ́ ẹ bí o ṣe lè dín wíwò àti bíbéèrè kù díẹ̀díẹ̀, bí ọkàn bá ń pariwo náà. Àwọn mìíràn máa ń nílò oògùn pẹ̀lú. Oògùn náà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, kò yẹ kéèyàn dá a dúró fúnra rẹ̀. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n tún ń sùn.

Ẹ̀yin ọkọ tó ń kà á, ẹ má sọ pé "ó ti ń ya wèrè". Ẹ bá a wọ mọ́tò lọ.

* * *

Ìbéèrè tó kù lọ́wọ́ àbúrò mi ni pé ṣé kó má wo ara rẹ̀ mọ́ rárá ni. Rárá, máa wò ó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ kan náà nínú oṣù, lójúmọmọ, lẹ́yìn ìwẹ̀: àtẹ́lẹsẹ̀, àárín ọmọ ìka, àtẹ́lẹwọ́, èékánná. Kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nǹkan tuntun tó ń fẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí egbò tó kọ̀ láti jiná, lọ sọ fún dókítà. Bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, wọ bàtà ẹ, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ní ti orí fífọ́, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ ní ibi tó sún mọ́ ẹ, ẹni tí kò sùn fún ìgbà pípẹ́ tó báyìí, orí á fọ́ ọ. Èsì láàbù yẹn, ṣe ẹ̀dà rẹ̀, fi ọ̀kan sínú fáìlì ọsibítù, kí màmá bá ẹ tọ́jú ìkejì, kó má wà nítòsí ibùsùn ẹ tí wàá fi máa kà á lóru. Bó o bá ti mọ ọjọ́ tó o máa lọ Àrò, kọ ọ́ síbí. Bó o bá fẹ́ ẹni tó máa bá ẹ jókòó níbẹ̀, ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun rọ̀ mí lọ́rùn jù.